Ta ló ń ṣọ́ danfo, ta ló ń ṣọ́ èéfín rẹ̀? Àwọn àjọ ìjọba tó yẹ kẹ́ ẹ dá mọ̀ l'Ékòó

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bí danfo kan bá ń tú èéfín dúdú sójú àwọn ọmọ iléèwé tó ń dúró de mọ́tò ní Oṣòdì, ta lẹ máa fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Ẹlòmíì á ní LASTMA, ẹlòmíì á ní VIO. Ẹlòmíì á kàn fi ọwọ́ bo imú, á ní, "Èkó nìyí jàre, kí lèèyàn fẹ́ ṣe sí i?"

Àwọn àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ mọ́tò àti àyíká pọ̀ l'Ékòó, kálukú ló sì ní iṣẹ́ tiẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó ni iṣẹ́ wo, wọ́n kàn máa jù ú sókè jù ú sódò ni. Ìdí nìyẹn tá a fi to àwọn àjọ náà síbí, pẹ̀lú iṣẹ́ tí òfin gbé lé wọn lọ́wọ́, àti ibi tí iṣẹ́ wọn ti fi àlàfo sílẹ̀.

Àwọn tẹ́ ẹ máa ń rí lójú títì

LASTMA lẹ mọ̀ jù nínú wọn. Ọdún 2000 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá a sílẹ̀, nígbà tí Bola Tinubu jẹ́ gómìnà. Iṣẹ́ wọn ni kí ọkọ̀ máa lọ geere, kí awakọ̀ má gba wan-wéè, kó má já èrò láàárín títì, kó má sì kọjá nígbà tí iná bá pupa. Òfin ètò ìrìnnà tọdún 2018 ni wọ́n ń tẹ̀ lé, òfin náà sì le. Ẹni tó bá gba wan-wéè, tí kóòtù dá a lẹ́bi, mọ́tò rẹ̀ lè di ti ìjọba, kí wọ́n sì tà á ní gbàǹjo. Àmọ́ ẹ fi sọ́kàn pé kóòtù ló ń dájọ́ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe òṣìṣẹ́ tó dá ọkọ̀ dúró.

VIO ní tiwọn ń wò ó bóyá mọ́tò yẹ lẹ́ni tó ń rìn lójú títì. Ọkọ̀ akérò gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí ọkọ̀ tó yẹ lójú títì ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, ọkọ̀ ara ẹni ní ọdún kọ̀ọ̀kan. Àwọn ibùdó tí wọ́n ń pè ní LACVIS ni wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò: bíréèkì, iná, táyà àti èéfín tó ń jáde nídìí ọkọ̀. Torí náà, bí danfo tó ń rú bí iná ìdáná bá ní ìwé ẹ̀rí tuntun lọ́wọ́, ó yẹ kéèyàn béèrè bó ṣe rí i gbà.

Road Safety, ìyẹn FRSC, jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ọdún 1988 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ máa ń rí wọn ní àwọn ọ̀nà ńlá bíi márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn ló ní kí ọkọ̀ akérò máa lo ẹ̀rọ tó ń dín eré kù, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2016.

Bẹ́ ẹ bá sì ti kọjá Berger, tẹ́ ẹ forí lé Ìbàfò, ẹ ti kúrò lọ́dọ̀ LASTMA nìyẹn. TRACE ni Ìpínlẹ̀ Ògùn ní, OYRTMA ni ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

BRT, ọkọ̀ ojú irin àti ọ̀kadà

LAMATA ni òfin ọdún 2002 dá sílẹ̀ láti ṣètò ìrìnnà èrò l'Ékòó. Àwọn ló ń pinnu ibi tí ọkọ̀ máa gbà, tí wọ́n ń fún àwọn iléeṣẹ́ láṣẹ, tí wọ́n sì ń wò ó bóyá iléeṣẹ́ náà ń ṣe ohun tó bá ìjọba fọwọ́ sí. Lábẹ́ wọn ni BRT ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 17, oṣù Kẹta, ọdún 2008, láti Mile 12 dé CMS, ọ̀nà tó gùn tó kìlómítà 22. Lábẹ́ wọn náà ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina sí Mile 2 lọ́jọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2023, tí Red Line sì tẹ̀ lé e lóṣù Kẹwàá ọdún 2024, láti Agbado sí Ọ̀yìngbò. Iná mànàmáná ló ń wa ti Blue Line, epo dísẹ́ẹ̀lì ló ń wa ti Red Line.

Bí awakọ̀ BRT bá hùwà tí kò dáa sí yín, tàbí tí bọ́ọ̀sì náà bá ń tú èéfín, LAMATA ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bá sọ ọ́, torí àwọn ló fún iléeṣẹ́ náà láṣẹ.

Ní ti ọ̀kadà, láti ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, ọdún 2022 ni ìjọba ti fòfin dè é pátápátá níjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà: Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Súrùlérè, Lagos Island, Lagos Mainland àti Apapa. Nígbà tó dì oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n fi Kosọfẹ́, Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Mushin kún un.

Àwọn tó ń gba orí omi

Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí Victoria Island, àjọ méjì ló ń gbọ́ orúkọ wọn: LASWA tí í ṣe ti ìpínlẹ̀, àti NIWA tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi bára wọn fa ọ̀rọ̀ ta ló ni àṣẹ lórí omi, kó tó di pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá NIWA láre lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024. Ẹnikẹ́ni tó wù kó ni àṣẹ, ẹ má wọ ọkọ̀ ojú omi láìwọ aṣọ tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ẹ má sì wọ̀ ọ́ lóru.

Èéfín àti ariwo: ibi tí ọ̀rọ̀ ti le

LASEPA ni àjọ ìpínlẹ̀ tó ń dáàbò bo àyíká. Òfin àyíká tí Èkó ṣe lọ́dún 2017 fún wọn láṣẹ lórí afẹ́fẹ́, omi àti ariwo. Ti ìjọba àpapọ̀ ni NESREA, tí òfin ọdún 2007 dá sílẹ̀. Láti ọdún 2011 ni ìlànà ti wà lábẹ́ NESREA lórí èéfín ọkọ̀, àti elépo bẹntiróò àti elédísẹ́ẹ̀lì. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sófin.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ tó dọ̀tí lásán. Ìwádìí tí Báǹkì Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2020 fojú bù ú pé afẹ́fẹ́ burúkú pa bí èèyàn 11,200 láìtọ́jọ́ l'Ékòó lọ́dún 2018. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù nínú wọn. Mọ́tò ojú títì wà lára ohun tó ń ba afẹ́fẹ́ náà jẹ́ jù, pẹ̀lú iléeṣẹ́ ńláńlá àti jẹnẹrétọ̀.

Ariwo náà wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ 15, oṣù Kẹwàá, ọdún 2014, ìjọba Èkó ya odindi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ pé kí awakọ̀ má ṣe tẹ fèrè. Ọjọ́ kan náà ló jẹ́. Ẹ̀yin náà mọ bí Èkó ṣe rí lónìí.

Ibi tí àlàfo wà nìyí. Ẹni tó wà lójú títì lójoojúmọ́, tó lè dá danfo dúró, LASTMA ni, ọ̀rọ̀ gosíló ló sì gbà á lọ́kàn. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń yẹ èéfín wò, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ló yẹ kó rí danfo náà, ìyẹn bí onímọ́tò bá lọ. Ẹni tí òfin sọ pé ó ni afẹ́fẹ́, kò sí ní bọ́sítọ́ọ̀pù. Danfo á gba àárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá, èéfín á sì máa lọ sí àyà ọmọ. Bí àwọn èrò ọkọ̀ kò bá fẹjọ́ sùn, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó gbọ́.

Kí ni àwọ̀ èéfín ń sọ?

Ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni mọ́tò, apá tiyín rèé:

- Èéfín dúdú: epo ń pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Fíltà afẹ́fẹ́ lè ti dí, tàbí kí nọ́sù ti bàjẹ́.
- Èéfín tó dà bí àwọ̀ aró: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń jó. Ó lè jẹ́ pé ríǹgì ti jẹ.
- Èéfín funfun tí kì í lọ bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ ti gbóná: omi lè ti ráyè wọnú ẹ́ńjìnnì.

A mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọwọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ dilẹ̀. Awakọ̀ ń wá owó epo, ó ń wá owó tó máa kó fún ẹni tó ni mọ́tò. Àmọ́ mọ́tò tó ń tú èéfín dúdú, epo tí wọ́n fowó rà ló ń gba ẹ̀yìn jáde yẹn. Fíltà kò sì wọ́n tó ẹ́ńjìnnì tuntun. Ẹni tó ni mọ́tò ló yẹ kó dá a lóhùn, kì í ṣe ọmọ tó ń wà á nìkan.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ sùn

Ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: nọ́ńbà ọkọ̀ náà, ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ, ọjọ́ àti aago, àti ohun tẹ́ ẹ rí gan-an. Bẹ́ ẹ bá lè ya fọ́tò, ẹ yà á, àmọ́ ẹ má yà á nígbà tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀, ẹ má sì bá kọ̀ndọ́ jà nítorí ẹ̀.

- Èéfín tàbí ariwo: LASEPA.
- Ọkọ̀ tí bíréèkì tàbí táyà rẹ̀ kò dáa: VIO.
- Wan-wéè àti ọkọ̀ tó dí ọ̀nà: LASTMA.
- Eré àsápajúdé ní ọ̀nà márosẹ̀: FRSC.
- BRT àti ọkọ̀ ojú irin Blue Line àti Red Line: LAMATA.

Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, kẹ́ ẹ lè padà lọ béèrè ibi tí wọ́n bá a dé. Bí òṣìṣẹ́ kan bá sì ní kẹ́ ẹ san owó ìtanràn, ẹ béèrè ìwé tí iye owó náà àti ẹ̀ṣẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Owó tí kò ní rìsíìtì kò tíì dé àpò ìjọba.

Ìlera lọrọ̀, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí awakọ̀ tẹ́ ẹ mọ̀, kẹ́ ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ìyá ọmọ tó ń dúró de mọ́tò láràárọ̀.