Òru Ẹ̀fẹ̀ ní Ìjóun àti Ìtàn Àwọn Ará Ẹnubodè

Bí a bá bi ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì léèrè pé kí ni Ẹ̀fẹ̀, ìdáhùn kan náà ni púpọ̀ nínú wọn yóò kọ: orin àwàdà tí àwọn onígẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń kọ lóru. Onídánwò yóò fún wọn ní máàkì, nítorí pé irọ́ kọ́ ni wọ́n kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti jókòó ti orin yìí di ìdájí rí yóò mọ̀ pé ìdáhùn náà kò tó. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ìtàn ni Ẹ̀fẹ̀ jẹ́ fún àwọn ará ẹnubodè Yewa àti Kétu, ó sì yẹ kí àwa olùkọ́ èdè Yorùbá máa gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ojú ọjà ni agbo Ẹ̀fẹ̀ sábà máa ń wà. Kí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ fúnra rẹ̀ tó jáde, àwọn mìíràn ni yóò ṣáájú rẹ̀. Arabi Ajígbálẹ̀ yóò gbálẹ̀, Agbéná yóò gbé iná rù, Apaná yóò ní kí gbogbo iná kú, Tẹ̀tẹ̀dẹ́ yóò sì fi orin pe ẹnìkejì rẹ̀. Gbogbo ìlú kọ́ ni ó ń to wọn báyìí o. Ti ìlú kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Nígbà tí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ bá yọ lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n fi màrìwò ṣe, ìbà ni yóò kọ́kọ́ jú: ó ń júbà òrìṣà, ó ń júbà àgbà, ó sì ń júbà àwọn ìyá ju gbogbo wọn lọ. Lẹ́yìn ìbà ni ẹnu rẹ̀ tó gbà á láti súre fún ìlú, láti yin ẹni tí ó ṣe rere, àti láti tú àṣírí ẹni tí ó ṣe ohun ìtìjú. Ẹni tí ó bá bá wí kò gbọdọ̀ bínú, nítorí ọba kì í pa ọ̀kọrin.

Ní òru kan tí a bá wọn péjọ ní Ìjóun, a kò retí ju ìlù àti ẹ̀rín lọ. Ẹ̀rín náà sì pọ̀ lóòótọ́. Olórin na ọkọ tí ń sá fún owó ilé-ìwé ọmọ ní pàṣán ọ̀rọ̀, ó na àwọn olóṣèlú, ó tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ kan àwa tíṣà pẹ̀lú. Nígbà tí ó di nǹkan bí aago méjì òru, ó yí ohùn padà, ó gbé orin àtijọ́ kan nípa àwọn tí wọ́n dìde lóru, tí wọ́n gbé ẹrù àti ọmọ, tí wọ́n fi ilẹ̀ Faransé sílẹ̀. Àwọn arúgbó ti gba ègbè kí àwọn ọ̀dọ́ tó la ẹnu. Ìyá àgbà kan tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí ó ti ń rẹ́rìn-ín láti ìrọ̀lẹ́, dákẹ́ wẹ́lo. Ó ní, “Tíṣà, ẹ jẹ́ n gbọ́. Ìrìn àwọn bàbá wa ni ó ń kọ yẹn.”

Ìrìn náà ní ìdí. Ní ọjọ́ 10 oṣù August, ọdún 1889, ìjọba Faransé àti ti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó pín ilẹ̀ wọ̀nyí. Kétu, tí ogun Dàhòmì ti fọ́ ní ọdún 1886, bọ́ sí apá ti Faransé, òun àti Ọ̀họ̀rí àti Ṣakété. Ìmẹ̀kọ àti Ìjóun bọ́ sí ti Gẹ̀ẹ́sì. Oko ẹlòmíràn wà lọ́hùn-ún, àna rẹ̀ wà níhìn-ín. Owó-orí, iṣẹ́ ipá àti mímú ọkùnrin ṣe sójà nígbà ogun 1914 sí 1918 ni ó lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò lábẹ́ Faransé wá sí ìhà ìhín. Kì í ṣe pé ara rọ àwọn ti ìhín pátápátá, àwọn náà san owó-orí. Ṣùgbọ́n ẹrù wọn fúyẹ́ ju ti àwọn ará ọ̀hún lọ. Ọdún 1946 ni ìjọba Faransé tó fi òfin pa iṣẹ́ ipá rẹ́.

Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Aṣíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ̀wé ní ọdún 1975 láti fi hàn pé ewì Ẹ̀fẹ̀ wúlò fún ẹni tí ń wá ìtàn ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. A gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí á ṣọ́ra. Orin kì í sọ ọdún. Olórin ní àdúgbò àti ọ̀rẹ́ tí ó ń gbè lẹ́yìn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, olórin Ìjóun sọ fún wa pé ọ̀dọ̀ àna òun ní Kétu ni òun ti kọ́ orin ìrìn náà, àti pé orúkọ ìlú mìíràn ni wọ́n ń dá nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Èwo ni ká gbà? Àwa rò pé kí á kọ méjèèjì sílẹ̀, kí á sì bi àwọn tí ń kọ ọ́ léèrè ìdí. Bákan náà ni ti orísun Gẹ̀lẹ̀dẹ́: àwọn kan ní Kétu, àwọn mìíràn ní Ìlóbìí nítòsí Ìlaròó. Kò yẹ kí onídánwò fa igi pupa sí èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ní ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá pàtàkì, ó sì wọ ìwé àkójọ wọn ní ọdún 2008. Èyí dára, àmọ́ ìkéde kò kọ orin kankan sílẹ̀. Bí olórin bá kú, tirẹ̀ bá a lọ. Àwọn ọmọ wa ní fóònù lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gba ìyọ̀ǹda àwọn àgbà, wọ́n lè gba orin sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní ẹ̀ka-èdè tí wọ́n fi kọ ọ́ gan-an. Ẹni tí ó bá sọ ohùn Kétu di Yorùbá àjùmọ̀lò ti pa ìdajì àwàdà rẹ̀.

Ní ti ìdánwò, ìbéèrè “Kí ni Ẹ̀fẹ̀?” ti ń sú ènìyàn. A lè kọ orin kan síwájú akẹ́kọ̀ọ́, kí á ní kí ó sọ ẹni tí olórin ń bá wí, ìgbà tí ó ṣeé ṣe kí ó ti bẹ̀rẹ̀, àti ohun tí olórin mọ̀ọ́mọ̀ fò dá.