Oyè Ìṣègùn àti Iṣẹ́ Àkọ́kọ́

Ó yẹ kí àwa tí a ńkọ́ni, àti àwa tí a ńkọ́, mọ ìtàn Africanus Horton. Ọmọ Sàró ni. Íbò ni àwọn òbí rẹ̀, tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ní 1855 a yàn án, pẹ̀lú William Davies, láti lọ kọ́ ìṣègùn ní London, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì san owó ẹ̀kọ́ nwọn. Ní 1859 Horton gba oyè dókítà ní Edinburgh. Li ọdún náà gan-an ni a fi í ṣe oníṣègùn ọmọ-ogun, a sì rán an lọ sí Gold Coast, tí í ṣe Ghana lónìí.

Ṣùgbọ́n oyè nìkan kò tó. Inú àwọn dókítà òyìnbó kan kò dùn sí i. Nígbàtí ó dábàá ní 1861 pé kí a kọ́ àwọn ọ̀dọ́ Áfríkà sí i, nwọ́n takò ó, ètò náà sì parí.

Horton kò torí èyí fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó ńtọ́jú aláìsàn, ó ńkíyèsí òjò àti ooru, ó sì fi ohun tí ó rí kọ ìwé ní 1867, lórí ojú ọjọ́ àti àìsàn ilẹ̀ wa. Ó sìn títí di 1880.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, oyè ni a fi ńwọlé iṣẹ́. Ìwà àti ìforítì ni a fi ńdúró nínú rẹ̀.