Crossword àti Nàìjíríà: Ọjọ́ Mọ́kànlá Péré Ló Wà Láàrin Wọn

Ìtàn tòní kò kan oyè, kò kan ogun, kò sì kan bí rélùwéè ṣe gbé àwọn bàbá wa dé ìhín. Ìtàn eré ni. Eré inú ìwé ìròyìn, èyí tó ní àpótí dúdú àti funfun, tí àwọn àgbà wa máa ń tẹ orí bọ̀ lọ́sàn-án Sọ́ńdè lẹ́yìn oúnjẹ, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀ àfi tó bá mọ ìdáhùn. Crossword ni.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1913, ìwé ìròyìn New York World ní Amẹ́ríkà gbé nǹkan tuntun kan jáde ní abala eré rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Fun. Àpótí kéékèèké ni, wọ́n tò ó bíi dáyámọ́ǹdì, àárín rẹ̀ sì ṣófo. Arthur Wynne lorúkọ ẹni tó ṣe é. Word-Cross ló sọ ọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn tó ń to lẹ́tà nílé ìtẹ̀wé ṣèèṣì yí orúkọ náà po, ó di Cross-Word, ó sì mọ́ ọn lára títí dòní.

Ẹ wá ka ọjọ́ lọ síwájú láti ọjọ́ yẹn. Ọjọ́ kọkànlá bọ́ sí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1914, ọjọ́ tí Lugard so Gúúsù mọ́ Àríwá tí gbogbo rẹ̀ di Nàìjíríà kan. Ẹgbẹ́ làwọn méjèèjì, crossword sì lẹ̀gbọ́n! Wọ́n tilẹ̀ jọra díẹ̀, tí a bá ní ká sọ ọ́: ọ̀rọ̀ kan ń lọ lóòró, èkejì ń lọ níbùú, wọ́n pàdé nínú àpótí kan ṣoṣo, kò sì sí èyí tó lè yí lẹ́tà tirẹ̀ padà kó má da ti ẹnì kejì rú. Àwa tí a bí lókè yìí mọ ohun tí à ń wí.

Wynne fúnra rẹ̀, àtìpó ni bíi tiwa. Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i, ó sì ti ń sún mọ́ ọmọ ogún ọdún kó tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà. Eré àtò-ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ láti kékeré ló gbé dé ọjà tuntun, ló wá tà.

Àwọn òǹkàwé fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣìṣe inú rẹ̀ pọ̀ lápọ̀jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920 ni iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀dọ́bìnrin kan níléeṣẹ́ ìròyìn yẹn, Margaret Petherbridge. Akọ̀wé ni wọ́n gbà á fún. Kì í yẹ̀ ẹ́ wò rárá; èyí tó bá ṣáà ti wu ojú lórí ìwé ló ń fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé. Àfi ọjọ́ tó jókòó láti ṣe ọ̀kan fúnra rẹ̀ tó rí i pé ìdáhùn mìíràn ò bá ìbéèrè mu, ìbéèrè mìíràn ò sì sí níbẹ̀ rárá. Láti ọjọ́ náà ló ti gbé òfin kalẹ̀. Gbogbo lẹ́tà gbọdọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀kan lóòró, ọ̀kan níbùú. Ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì ò wọlé. Bí ẹ bá dojú àwòrán náà délẹ̀, àpótí dúdú rẹ̀ gbọdọ̀ wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹ wo èyí tó wà nínú ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà lónìí, òfin obìnrin yẹn ló ń tẹ̀ lé.

Ní ọdún 1924, àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì, Simon àti Schuster, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iléeṣẹ́ ìwé sílẹ̀, kó crossword jọ sínú ìwé kan, wọ́n so pẹ́ńsùlù mọ́ ọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ojú má tì wọ́n, wọn ò fi orúkọ ara wọn sí i, orúkọ mìíràn ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà tà bí àkàrà ọwọ́ àárọ̀. Kò sí ẹni tó tún fi orúkọ pamọ́ mọ́ lẹ́yìn náà.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn gan-an nìyí. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé e gẹ̀gẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn ọlọ́lá ń fojú pa á rẹ́. Ìwé ìròyìn New York Times kọ ọ́ lọ́dún 1924 yẹn kan náà pé ìfàkókò-ṣòfò ni, ó tiẹ̀ fẹ́ẹ̀ sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. The Times ti London náà dá sí i pé Amẹ́ríkà ti di ẹrú crossword. Ṣùgbọ́n kò pé ọdún mẹ́fà tí The Times London fi gbé tirẹ̀ jáde, ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1930. Àgbẹ̀ kan, Adrian Bell, ni wọ́n fi ṣe ẹni tí yóò máa kọ ọ́. Títí ó fi darúgbó ló ń kọ ọ́.

New York Times ò gbà o. Gbogbo ìwé ìròyìn ńlá mìíràn ní Amẹ́ríkà ti ń tẹ crossword, òun nìkan ló ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ogun ló yí i lọ́kàn padà. Nígbà tí àwọn ará Japan ju bọ́ǹbù sí Pearl Harbor ní oṣù Kejìlá 1941, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí olóòtú abala ọjọ́ Sọ́ńdè, Lester Markel, fi kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀ pé ó yẹ kí àwọn bẹ̀rẹ̀. Ìdí tó sọ ni pé ó ṣeé ṣe kí àṣẹ pípa iná lálẹ́ dé, kí àwọn ènìyàn wà nínú ilé nínú òkùnkùn fún wákàtí gígùn, wọ́n á sì nílò nǹkan tí ọkàn wọn yóò dì mú. Margaret tí a ń sọ, tó ti lọ́kọ tó sì ti di Margaret Farrar, ni wọ́n pè. Òun náà sọ fún wọn pé ẹni tó bá ń wá ìdáhùn crossword kò lè máa ro ìṣòro rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ 15 oṣù Kejì 1942. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Singapore ṣubú sọ́wọ́ àwọn ará Japan.

Ìlú tí kò sí àlàáfíà, àṣẹ pé ká má jáde, iná tí a pa nítorí kí wọ́n má mọ̀ pé ènìyàn wà nílé: ẹ̀yin tí ẹ wà ní Jos ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 2001 àti àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, ẹ mọ ohun tí Markel ń wí láìjẹ́ pé ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀. A tún rí i ní 2008. A rí i ní 2010. Nígbà kọ́fíù, ọjà ò sí, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ò ṣeé lọ, fẹ́ńdọ̀ ò sì lè gbé ìwé ìròyìn wọ àdúgbò. Ìwé àtijọ́ tí a kó jọ fún àwọn ìyá wa láti fi di ẹ̀pà la tú sílẹ̀. Ìròyìn inú rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n crossword inú rẹ̀ ò kú. Ènìyàn mẹ́fà méje ló ń yí ìwé kan ká. Bàbá àgbà mọ orúkọ odò àti olú ìlú nítorí jọ́gíráfì tí wọ́n kọ́ láyé àtijọ́, ìyá ìjọ mọ orúkọ inú Bíbélì, àwọn ọmọ iléèwé ń ṣí díkíṣọ́nárì. Ìjà ló sì ń dá sílẹ̀! Ìdáhùn ti òní máa ń jáde nínú ìwé ti ọ̀la, ti ọ̀la yẹn ò sì sí lọ́wọ́ wa. Títí dòní, ọ̀rọ̀ kan wà tí ilé méjì ní àdúgbò wa ò tíì gbà fún ara wọn lórí rẹ̀. A ò ní dárúkọ.

A ò sọ pé eré lè dá ìbọn dúró. Àwọn tí a sin ní àwọn ọdún yẹn, a ò gbàgbé wọn. Ohun tí a mọ̀ ni pé ọmọ tó ń wá ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún ò gbọ́ gbogbo ohun tó ń dún níta.

Ogun yẹn náà fún crossword ní ìtàn tó yani lẹ́nu jù. Ní oṣù Karùn-ún 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń múra ní ìkọ̀kọ̀ láti wọ Faransé, àwọn orúkọ àṣírí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú crossword Daily Telegraph: Utah, Omaha, Overlord, Mulberry, Neptune. Ọ̀gá iléèwé kan, Leonard Dawe, ló kọ wọ́n. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ bá a, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọn ò rí ẹ̀bi lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ọ̀kan nínú àwọn tó jẹ́ ọmọ iléèwé rẹ̀ nígbà náà sọ pé àwa ọmọ ló ń bá a wá ọ̀rọ̀ tó ń kọ, lẹ́nu àwọn ṣọ́jà tó wà nítòsí la sì ti ń gbọ́ ọ.

Ó yá, ká bọ́ sórí ṣíṣe é gan-an. Ọ̀pọ̀ rò pé ti ọjọ́ Sọ́ńdè ló le jù. Rárá. Ní New York Times, ti Mọ́ńdè ló rọrùn jù, ó ń le sí i lójoojúmọ́, ti Sátidé sì ni ọ̀gá. Ti Sọ́ńdè kàn tóbi ni: àpótí 21 níbùú, 21 lóòró, nígbà tí ti àárín ọ̀sẹ̀ jẹ́ 15. Ẹni tó bá fẹ́ mú ti Sátidé, kó má bẹ̀rẹ̀ láti nọ́ńbà kìíní bí ẹni ń ka ìwé. Ẹ kọ́kọ́ wá èyí tó dá yín lójú, bó jẹ́ ẹyọ kan péré. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́. Lẹ́tà rẹ̀ á wọ inú ọ̀rọ̀ mìíràn, ọ̀rọ̀ yẹn á sì ṣílẹ̀kùn fún ìkẹta. Bí ìbéèrè bá ń béèrè ohun tó ju ẹyọ kan lọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣeé ṣe kí S wà ní ìparí. Bí gbogbo rẹ̀ bá dí, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ lọ jẹun. Ẹ ó rí i pé ẹ á padà dé, ìdáhùn tí ẹ wá fún wákàtí kan á kàn jókòó síbẹ̀ tí ń wò yín.

Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀. Àlọ́ àpamọ̀ pọ́ńbélé ni tiwọn. Apá kan ìbéèrè sọ ìtumọ̀, apá kejì fi lẹ́tà ṣeré, wọn ò sì ní sọ fún yín ibi tí ọ̀kan ti parí. Ká fi èdè wa ṣe é: “Olú ìlú ìpínlẹ̀ kan: mo rí Bàdà níta. Lẹ́tà mẹ́fà.” Ẹ kọ “rí Bàdà níta” láìfi àyè sílẹ̀, ẹ yọ R àkọ́kọ́ kúrò, ẹ ka lẹ́tà mẹ́fà tó tẹ̀ lé e. Ìbàdàn ti jáde! Àwa tí a dàgbà lórí àlọ́ òjò tó kan ilẹ̀ tó tún kan ọ̀run, kí ló fẹ́ rú wa lójú níbẹ̀?

Àwọn tó ń kọ ti Amẹ́ríkà ti ń yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa tipẹ́. Ohun tí wọ́n ń wá kiri ni ọ̀rọ̀ kúkúrú tí fáwẹ̀lì pọ̀ nínú rẹ̀, orúkọ wa sì kún fún un. Sade, ọmọ Adú, olórin tí wọ́n bí sí Ìbàdàn lọ́dún 1959, wà lára orúkọ tó máa ń jẹ yọ níbẹ̀ léraléra. Àbúrò wa ọmọ Íbò, Uzo Aduba òṣèré, bẹ́ẹ̀ náà ni: orúkọ rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n ń lò.

Nígbà náà, ẹ̀yin òbí tó ń ráhùn pé àwọn ọmọ ò gbọ́ ju Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì lọ, kí ló dé tí kò sí ti Yorùbá nílé yín ní òpin ọ̀sẹ̀? Èdè wa gbà á. Kọ́ńsónáǹtì kì í tò tẹ̀ lé ara wọn nínú rẹ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà ọ̀rọ̀ ń bá ọ̀rọ̀ pàdé wọ́ọ́rọ́wọ́. A ti gbìyànjú rẹ̀ nínú ìpàdé wa, ibi tí wàhálà ti ṣẹ́ yọ la sì fẹ́ fi hàn yín. Àwọn kan ní ká fi àmì ohùn sílẹ̀ lóde àpótí, kí ìbéèrè nìkan ní in. Àwa fara mọ́ èyí, torí ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Ẹ gbọ́: “Iye kan tí a fi ń bu omi.” Igba ni, igbá sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà ìsàlẹ̀ lẹ́tà ńkọ́? O kì í ṣe Ọ, lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni wọ́n, a sì gbà pé kí wọ́n má lè pín àpótí kan.

GB ló kù. Lẹ́tà kan ni nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. Àwọn ará Wales tí wọ́n ní LL àti DD tiwọn máa ń kọ méjèèjì sínú àpótí kan ṣoṣo, wọn ò bẹ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdajì ìpàdé wa ní àpótí mẹ́ta ni IGBA, ìdajì ní mẹ́rin ni. Àwa tó ń kọ èyí, mẹ́ta la dìbò fún. A máa tún un jókòó lé lórí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ gba ọ̀kan kí ẹ fún àwọn ọmọ: “Ìlú: ijó sì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́ta.” Ẹni tó bá ń gbé lókè yìí ò gbọdọ̀ lò ju ìṣẹ́jú kan lọ.