Ìfiwéra Nínú Ìwádìí Lórí Ìdára Iṣẹ́ Ìjọba: Àpẹẹrẹ Ilé-Ẹ̀kọ́ Topo

Ní 1876 ni àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà dá oko sílẹ̀ ní Topo, lórí ilẹ̀ tí ó wà láàárín ọ̀sà Àgbádárìgì àti òkun, tí wọ́n sì gbin àgbọn síbẹ̀. Ní 1973, ìjọba àpapọ̀ dá ASCON sílẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba, tí ó wá fìdí kalẹ̀ sí Topo kan náà. Ẹni tí ó gbin àgbọn lè ka èso rẹ̀. Báwo ni a ó ṣe ka èso ẹ̀kọ́?

Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ máa ń wá sọ́kàn ni pé kí a fi iṣẹ́ ìjọba ṣáájú 1973 wé ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìtàn kò gba èyí láyè. Ní 1974, Ìgbìmọ̀ Udoji gbé àbọ̀ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì dábàá pé kí a máa fi àbájáde díwọ̀n iṣẹ́. Ní 1975, owó oṣù lọ sókè gan-an. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Murtala Mohammed yọ òṣìṣẹ́ tí ó ju 10,000 lọ. Ní oṣù kejì 1976, ìpínlẹ̀ 12 di 19. Bí iṣẹ́ bá sunwọ̀n tàbí tí ó bàjẹ́ lẹ́yìn náà, ṣé ẹ̀kọ́ ni ó fà á, tàbí owó, tàbí ìbẹ̀rù, tàbí pínpín ìpínlẹ̀? Nígbà tí ọwọ́ mẹ́rin bá jùmọ̀ wọ inú àwo kan, ó ṣòro láti mọ èyí tí ó mú ẹran.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni ìwádìí tí ó yè kooro kò gbọdọ̀ fojú fò. Èkíní, kí ó fi àwọn tí ó ti lọ sí Topo wé ẹlẹgbẹ́ wọn ní ipò kan náà, ní ilé-iṣẹ́ kan náà, tí kò tíì kàn láti lọ. Ẹ̀kúnwó àti ìbẹ̀rù kan ìhà méjèèjì. Èkejì, kí ó díwọ̀n iṣẹ́ àwọn méjèèjì kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọn tí ó já fáfá tẹ́lẹ̀ ni ọ̀gá ń yàn, ilé-ẹ̀kọ́ yóò gba ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí òṣùwọ̀n má ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ní ọjọ́ ìkẹyìn, bí kò ṣe iye ọjọ́ tí fáìlì fi ń sùn lórí tábìlì.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé. Bí a bá fi ìyìn fún ohun tí kò ṣiṣẹ́, owó ìlú ni yóò máa bá a lọ, arúgbó tí ń dúró de owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ yóò sì máa dúró síbẹ̀.