Àwọ̀n Kan, Ìkọsílẹ̀ Mẹ́rin: Láíbìrì Olómìnira àti Láíbìrì Àdáni Nínú Ìtàn Lẹ́tà Yorùbá

Bí a bá fẹ́ kọ ìtàn iṣẹ́ ẹja pípa ní etí òkun Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà tí a kò lè ṣe aláìlò: ọkọ̀, àwọ̀n àti ọ̀sà. Bí a bá gbàgbé àmì ohùn tí ó wà lórí ọ̀, ọkọ̀ di ọkọ ìyàwó, àwọ̀n di àwọn, ọ̀sà kò sì ní ìtumọ̀ mọ́. Lẹ́tà kan náà ni ó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀: ọ̀, tí ó gba àmì lókè tí ó sì gba àmì nísàlẹ̀. Àròkọ yìí tọpa ohun tí ojú lẹ́tà náà ti rí nínú kọ̀ǹpútà. Èrò wa ni pé àìbáramu tí ó wà láàrin láíbìrì olómìnira àti láíbìrì àdáni kan ìtọ́jú èdè Yorùbá gan-an.

Láíbìrì, ní èdè àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ni àkójọ iṣẹ́ àṣesílẹ̀ tí àwọn ètò mìíràn ń yá lò. Ètò ìtẹ̀wé kì í sábà fúnra rẹ̀ gbé àmì lé orí fáwẹ̀lì. Láíbìrì ni ó ń bá a ṣe é. Èyí tí gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti ka kóòdù rẹ̀, láti tún un ṣe àti láti pín in ni a pè ní olómìnira. Lórí irú ẹ̀tọ́ yìí ni Richard Stallman gbé iṣẹ́ GNU tí ó kéde ní 1983 kà. Èyí tí ilé-iṣẹ́ kan ti kóòdù rẹ̀ mọ́lé ni ti àdáni.

Kí Unicode tó gbilẹ̀, fọ́ǹtì àdábọwọ́ ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Yorùbá ń lò: wọ́n gbé lẹ́tà Yorùbá sí ipò àmì mìíràn. Ẹni tí kò bá ní fọ́ǹtì náà, àmì àjèjì ni yóò bá nínú ìwé. Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, mú ìtura wá. Ó fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ti ọ ni U+1ECD. Ṣùgbọ́n nígbà tí èdè Vietnam rí nọ́ńbà kan ṣoṣo gbà fún ộ tirẹ̀, ọ̀ Yorùbá kò rí i gbà. Àpapọ̀ ni a ń kọ ọ́, ọ̀nà mẹ́rin ni ó sì ní: ọ pẹ̀lú àmì òkè, ò pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀, o pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ kí ti òkè tó tẹ̀ lé e, tàbí o pẹ̀lú ti òkè ṣáájú. Unicode ní ọ̀kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àmọ́ láíbìrì ni yóò mú òfin náà ṣẹ, ọwọ́ wọn kò sì dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìrísí lójú kọ̀ǹpútà. Uniscribe ni láíbìrì àdáni tí Microsoft fi sínú Windows 2000. Ní ọ̀dọ̀ àwọn olómìnira, inú iṣẹ́ FreeType, tí David Turner bẹ̀rẹ̀ ní 1996, ni HarfBuzz ti ṣẹ̀ wá kí Behdad Esfahbod tó tún un kọ. Ìlànà OpenType tí àwọn méjèèjì ń tẹ̀ lé wà ní gbangba, ṣùgbọ́n kò sọ ohun gbogbo tán. Nítorí pé orí Uniscribe ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe fọ́ǹtì ti ń dán iṣẹ́ wọn wò, ìṣe rẹ̀ di òfin tí a kò kọ sílẹ̀. Àwọn tí ń ṣe HarfBuzz kò lè ka kóòdù rẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ èdè púpọ̀, pàápàá ti Íńdíà, sínú láíbìrì méjèèjì, wọ́n sì fi àbájáde wọn wéra. Wọ́n tilẹ̀ ṣe ètò kan, *uniscribe-bug-compatible*, tí ó ń jẹ́ kí HarfBuzz ṣe àṣìṣe bíi ti Uniscribe.

LibreOffice fi ìṣòro náà hàn kedere. Kí ẹ̀dà 5.3 tó jáde ní 2017, Uniscribe ni ó ń lò lórí Windows, CoreText lórí ẹ̀rọ Apple, àti HarfBuzz lórí Linux. Ìwé kan náà lè yàtọ̀ lójú láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Láti 2017, HarfBuzz nìkan ni ó ń lò níbi gbogbo. Èyí wúlò fún Yorùbá: HarfBuzz máa ń to àwọn àmì ọ̀ bí ó ti yẹ, bí ó ti wù kí a tẹ̀ wọ́n, ó sì máa ń wá ipò fún àmì ohùn nígbà tí fọ́ǹtì kò bá sọ ibi tí yóò jókòó sí.

Ìṣòro kejì kì í hàn sójú. HFS+, ètò ìtọ́jú fáìlì tí Apple gbé jáde ní 1998, máa ń tú orúkọ fáìlì palẹ̀: ọ̀ di o àti àmì méjì. Linux a máa fi orúkọ sílẹ̀ bí a ti kọ ọ́. Nítorí náà, fáìlì méjì tí ń jẹ́ “àwọ̀n” lè jókòó sínú àpò kan lórí Linux, kí ojú má sì mọ ìyàtọ̀. Nítorí irú èyí ni Git ṣe fi ètò *core.precomposeUnicode* kún iṣẹ́ rẹ̀ ní 2012. Àṣìṣe kan sì wà tí òfin ìbádọ́gba Unicode kò bo: àwọn kan ń fi ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán, U+0329, rọ́pò àmì tóótó ìsàlẹ̀, U+0323. Lójú Unicode, lẹ́tà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n.

Kí ni èyí já mọ́ fún Ìlàjẹ? Òkun ń jẹ ilẹ̀ Ayétòrò, ìlú tí a dá sílẹ̀ ní 1947, lójoojúmọ́. Ẹ̀ka-èdè Ìlàjẹ ṣì ní ìró gh tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti pàdánù. Ó lè jẹ́ pé àkọsílẹ̀ tí a bá ṣe lónìí ni yóò ṣẹ́kù nígbà tí ilẹ̀ bá ti lọ. Bí a bá kọ àwọ̀n ní ọ̀nà mẹ́rin sínú rẹ̀, ẹni tí ó bá wá a pẹ̀lú ètò tí kò mọ òfin ìbádọ́gba yóò rí ọ̀nà kan, yóò sì rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀.

A kò sọ pé òmìnira nìkan tó. Láíbìrì olómìnira pàápàá kò lè mọ ìṣòro Yorùbá bí ẹnikẹ́ni kò bá gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá síwájú rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé, bí àṣìṣe bá wà nínú ti àdáni, ẹ̀bẹ̀ ni a ó máa bẹ oníǹkan. Bí ó bá wà nínú ti olómìnira, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àkùngbá tàbí Ìbàdàn lè tún un ṣe. Iṣẹ́ tiwa, àwọn onímọ̀ èdè, ni láti yan ìlànà kan, NFC, fún gbogbo àkójọ wa, kí a pa fọ́ǹtì àdábọwọ́ tì, kí a sì fi ọ̀rọ̀ bí ọkọ̀, àwọ̀n àti ọ̀sà ránṣẹ́ sí àwọn tí ń ṣe láíbìrì, kí wọ́n máa fi wọ́n dán iṣẹ́ wọn wò.