Àjọdẹ Àgbọ̀nrín ní Òkè Àríwá Èkìtì: Ẹgbẹ́, Ìbọn àti Ìpín Ẹran

Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu Yorùbá, ọdẹ tí ó dá nìkan wọ igbó ni ó gba ipò iwájú. Òun ni àlọ́ fẹ́ràn jù: ó lúgọ sórí igi, ó rí àgbọ̀nrín tí ó bọ́ awọ rẹ̀ sílẹ̀ tí ó di arẹwà obìnrin, ó gbé awọ náà pamọ́, ó sì fi obìnrin náà ṣe aya. Bí ẹni kejì bá wà lórí igi yẹn, àlọ́ náà kò lè dúró, nítorí pé àṣírí ni gbogbo rẹ̀ rọ̀ mọ́. Ó dà bí ẹni pé àwọn tí ó ń kọ ìtàn ọdẹ sínú ìwé jogún ojú kan náà yìí. Akọni kan ni wọ́n ń wò, pẹ̀lú ìbọn rẹ̀, oògùn rẹ̀ àti ìjálá tí wọ́n fi ń kì í. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó lé ẹran náà wá bá a kì í hàn nínú àwòrán náà.

Ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ fi hàn ni pé ní àríwá Èkìtì, láti Ọ̀tùn àti Ìdó títí dé Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé, iṣẹ́ ẹgbẹ́ ni pípa àgbọ̀nrín ní ojú ọ̀sán jẹ́, àti pé òfin tí ó de ẹgbẹ́ náà kọjá ọ̀rọ̀ ẹran pípa. Àdádẹ kò ṣàìsí nígbà àtijọ́. Ẹ̀bìtì wà, ọ̀fìn wà, bẹ́ẹ̀ ni ọdẹ a máa gun igi ṣọ́ ẹran tí ó ń wá jẹ èso ní ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí ó dé lẹ́yìn ọdún 1900 ni ó sọ àdádẹ di olórí ọ̀nà, tí ó sì sọ àjọdẹ di ohun àjọ̀dún. Fágúnwà mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938), ẹ̀ẹ̀mejì ni Àkàrà-ògùn dá nìkan wọ igbó. Nígbà tí ọba rán an ní iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ, sí Òkè Láńgbòdó, ẹgbẹ́ ni ó kó jọ: Kàkò, Ìmọ̀dòye, Olóhùn-iyọ̀, Efòìyẹ tafàtafà àti àwọn yòókù. Ìtàn àròsọ ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Síbẹ̀, ẹni tí ó kọ ọ́ mọ̀ pé òkè kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń dá gùn.

Ilẹ̀ náà àti ẹran náà

Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, sọ pé òkìtì ni ìtumọ̀ orúkọ Èkìtì, nítorí òkè tí ó kún ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè nìkan ni ó ṣe pàtàkì fún ọdẹ. Ní ìhà gúúsù Èkìtì, igbó kìjikìji ni ó gbilẹ̀. Bí ènìyàn bá ti ń súnmọ́ Ọ̀tùn, Ayédé àti Ìkọ̀lé, igbó a máa di ọ̀dàn díẹ̀díẹ̀. Àpáta a dá dúró láàrin koríko, igbó tẹ́ẹ́rẹ́ a sì máa tẹ̀lé ipa odò ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Irú ibi báyìí gan-an ni àgbọ̀nrín fẹ́: koríko láti jẹ, omi ní ìtòsí, àti ṣìkìṣìkì láti sá pamọ́ sí.

Àgbọ̀nrín kì í rìn lágbo. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń dá rìn, tàbí ìyá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ara rẹ̀ pupa, ó ní ìlà àti àmì funfun, akọ sì ní ìwo tí ó lọ́. Alẹ́ àti ìdájí ni ó ń jẹko jù. Ní ojú ọ̀sán, yóò dúró jẹ́ẹ́ nínú ìgbòrò títí ẹsẹ̀ ènìyàn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ ẹ́; bí ó bá dìde, yóò gbó bí ajá, yóò sì sá lọ tààrà sí ibi ìsápamọ́ mìíràn tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. (Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, fi orúkọ rẹ̀ pe ẹran inú Orin Dáfídì kejìlélógójì, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti rò láti ìgbà náà pé ẹran kan náà ni. Ti ilẹ̀ Òyìnbó a máa bọ́ ìwo rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Àgbọ̀nrín a gbé ìwo tirẹ̀ títí dé ọjọ́ ikú, nítorí ìbátan ewúrẹ́ àti màlúù ni.) Inú ìwà ẹran yìí ni ìdí àjọdẹ wà. Ẹnì kan ṣoṣo lè jí i dìde, ṣùgbọ́n kò lè jí i dìde kí ó tún wà ní ibi tí ó ń sá lọ.

Bí àjọdẹ ti ń lọ

Ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò rẹ̀. Lẹ́yìn tí iná bá ti jó ọ̀dàn, koríko tútù a hù ní ẹsẹ̀ òkè, ẹran a sì wá a wá. Àwọn àgbà ọdẹ a kọ́kọ́ wo ojú ẹsẹ̀, wọn a wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, wọn a sì pín ẹgbẹ́ sí ọ̀nà méjì. Àwọn tí ọwọ́ wọn dúró a gba ẹ̀yìn òkè yí ká láìfọhùn, wọn a lúgọ sí ibùba ní ẹnu ọ̀nà tí ẹran ń gbà bọ́ sí àfonífojì. Àwọn yòókù, tí ọ̀dọ́ pọ̀ nínú wọn, a wọ ìgbòrò láti òdì kejì pẹ̀lú ajá, igi àti ariwo, afẹ́fẹ́ a sì wà ní ẹ̀yìn wọn, kí òórùn ènìyàn lè ti ẹran síwájú. Fèrè ni wọ́n fi ń bá ajá àti ara wọn sọ̀rọ̀. Òwe tí ó ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ ti di ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ fún aláìgbọràn nínú ilé. Ẹ̀rí ìtàn ni pẹ̀lú.

Ewu tí ó tóbi jù níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹran. Ẹni tí ó wà ní ibùba ń dojú kọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan-an. Ọfà tàbí ọta tí ó bá tàsé àgbọ̀nrín lè bá ẹni tí ó ń lé e bọ̀. Nítorí náà ni òfin fi le: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kúrò ní ibi tí wọ́n fi í sí, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ yìnbọn sí ewé tí ó mì lásán. Ibí ni irin ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ìrè-Èkìtì, ní agbègbè Ọyẹ́, ni ìlú Ògún Onírè. Ìtàn tí a mọ̀ jù nípa wíwá rẹ̀ síbẹ̀ ni pé ó bá àwọn ènìyàn ní àpèjọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọhùn, ó gbé agbè ẹmu, ó bá a ní òfìfo, ó rò pé wọ́n fi ojú di òun, ó sì fi idà pa wọ́n kí ó tó mọ̀ pé ènìyàn òun ni. Àwọn onímọ̀ sábà máa ń ka ìtàn yìí sí ìtàn ìbínú òrìṣà. Lójú ọdẹ tí ó wà ní ibùba, ìtàn àṣìpa ni: ẹni tí ó fi ìkánjú lo irin láàrin àwọn tirẹ̀. Kò yani lẹ́nu pé irin kan náà ni wọ́n ń fi búra.

Ọ̀rọ̀ ìpín ni ó tẹ̀lé e. Ìpín yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, àwọn ẹran kan sì wà, bí ẹkùn, tí awọ wọn jẹ́ ti ọba. Ní ti àgbọ̀nrín, ẹni tí ọfà tàbí ọta rẹ̀ kọ́kọ́ wọlé ni ó ń jẹ́ pé ó pa á, ṣùgbọ́n orúkọ ni ó jẹ, kò jẹ gbogbo ẹran. Àwọn tí ó lé e, ẹni tí ó ni ajá, àti olórí ọdẹ kì í lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, bí ó bá ro ìyà, bí ó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Wọ́n ń fi òwe yìí yin ọ̀làwọ́ lónìí. Bí ènìyàn bá tún un gbọ́, yóò rí i pé àríyànjiyàn ni ó gbé pamọ́: ọdẹ kan ti ń ṣírò ìyà rẹ̀, àwùjọ sì ń dá a lóhùn pé kò gbọdọ̀ ṣírò rẹ̀.

Láti Kírìjì dé fìtílà ọdẹ

Ní 1878 ni Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí dìde sí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn, tí Èkìtìparapọ̀ fi kóra jọ, tí ogun Kírìjì sì tẹ̀lé e. Akíntóyè (1971) ti ṣàlàyé ìṣèlú rẹ̀ dáadáa. Ohun tí kò gba àfiyèsí tó ni irú ènìyàn tí ó wà nínú ogun náà. Òkè ni ojú ogun, láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò nínú ogun, ibùba àti ìṣọ́, sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹnu ọdẹ ti mọ́. Ó bọ́gbọ́n mu láti gbà pé ẹni tí ó ti kọ́ láti dúró síbi tí wọ́n fi í sí nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń sá bọ̀ wá kàn án ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ ọmọ ogun. Lóòótọ́, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó fi ìbọn Snider ránṣẹ́, ó sì yí ojú ogun padà. Ṣùgbọ́n ìbọn kì í mọ ọ̀nà òkè fúnra rẹ̀.

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 23 Oṣù Kẹsàn-án, 1886. Ọ̀ọ̀rẹ̀ ti Ọ̀tùn wà lára àwọn ọba tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Snider kò di ìbọn ọdẹ. Àdéhùn Brussels ti 1890 dí ọ̀nà irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sí Áfíríkà, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ìbọn olókùúta àtijọ́. Ṣakabùlà ni ó kù, èyí tí alágbẹ̀dẹ lè tún ṣe, tí ó sì ń lo ẹ̀tù tí wọ́n lè rà. Bí ó ti ń pẹ́ kí wọ́n tó kì í, àǹfààní ẹyọ kan ni ọdẹ ní. Fún ìgbà díẹ̀, nǹkan yìí gan-an ni ó dá àjọdẹ sí: ẹni tí kò lè yìn lẹ́ẹ̀mejì nílò ẹni tí yóò yìn tẹ̀lé e.

Fìtílà ni ó yí i padà. Nígbà tí kábáìdì dé, tí ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí de iná mọ́ iwájú orí, tí tọ́ọ̀ṣì sì tẹ̀lé e, òru tí ó jẹ́ ti àgbọ̀nrín di ti ọdẹ. Iná a bá ojú ẹran, ojú ẹran a tàn padà, ẹran a dúró. Kò sí ohun tí àwọn alélé fẹ́ ṣe mọ́. Ọ̀nà ọkọ̀ sì mú kí ẹran ìgbẹ́ di ọjà: ẹni tí ó dá pa á ní òru lè gbé e sí etí títì ní òwúrọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ìpín. Ọdẹ tí ń ṣírò ìyà rẹ̀ ti rí ẹni tí yóò san án.

Ìjọba náà kó ipa tirẹ̀, ṣùgbọ́n ipa náà kéré ju bí ìwé òfin ti fi hàn lọ. Òfin ìdáàbòbò ẹranko ti wà láti 1916. Ẹni tí yóò gun òkè lọ mú un ṣẹ kò pọ̀. Ààlà ìṣàkóso ni ó dun Ọ̀tùn jù, nítorí pé lábẹ́ Ìlọrin ni wọ́n fi í sí títí di 1936, nígbà tí ó padà sọ́dọ̀ Èkìtì.

Ọdẹ di ẹ̀ṣọ́

Èdè ti ṣàkíyèsí ìyípadà kan ṣáájú àwọn òpìtàn: ní ìlú ńlá, ọ̀rọ̀ náà ọdẹ ti pẹ́ tí ó ti ń túmọ̀ sí ẹni tí ń ṣọ́ ilé lóru. Nígbà tí àwọn gómìnà mẹ́fà ti ìwọ̀-oòrùn gúúsù dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Oṣù Kìíní, 2020, ọ̀dọ̀ ọdẹ ni wọ́n yíjú sí. Ní 29 Oṣù Kìíní, 2024, àwọn agbébọn pa Onímòjò ti Ìmòjò àti Ẹlẹ́sùn ti Ẹ̀sùn lójú ọ̀nà ní àríwá Èkìtì, bí wọ́n ti ń ti ìpàdé bọ̀. Ọlọ́pàá, Àmọ̀tẹ́kùn àti ọdẹ ni ó wọ igbó lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn kan gba ẹ̀yìn, àwọn kan gba iwájú. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń lé ní ìbọn, kò sì sí ẹran láti pín.

Ìbéèrè ọdún 1890 sì ti padà wá. Ní 2022, Gómìnà Rotimi Akeredolu ti Oǹdó ń bá ìjọba àpapọ̀ jà ní gbangba pé kí ni ìdí tí Àmọ̀tẹ́kùn kò fi lè gbé irú ìbọn tí àwọn tí wọ́n ń lé ń gbé.