Ìwé Òfin àti Òmìnira ní Ilẹ̀ Pobẹ̀ àti Sakété

Bí ọ̀dọ́ kan láti Pobẹ̀ tàbí Sakété ní ilẹ̀ Benin bá tọ àwọn ọ̀mọ̀wé lọ lónìí, tí ó sì béèrè lọ́wọ́ wọn pé ìwé wo ni ó yẹ kí òun kà kí òun lè mọ ìdí tí a fi ń fi òfin de ọwọ́ aláṣẹ, àti ibi tí òmìnira ará ìlú ti ṣẹ̀ wá, orúkọ tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni ti Locke ọmọ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Montesquieu ọmọ Faransé. Wọn yóò sọ fún un nípa ìwé àdéhùn tí àwọn ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi agbára gbà lọ́wọ́ ọba wọn ní ọdún 1215, àti nípa Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tí àwọn Faransé ṣe ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1789. Ìmọ̀ràn rere ni, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ọ̀dọ́ náà ń tẹ̀ lójoojúmọ́ tó ìwé kíkà fún un kí ó tó rékọjá òkun.

Ní ayé àtijọ́, láti Kétu títí dé ẹ̀bá Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ọba Yorùbá kì í dá ìlú ṣe bí ó ti wù ú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aláṣẹ èkejì òrìṣà ni a ń kì í, tí a sì ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Ní Kétu, ìdílé márùn-ún ni oyè Alákétu ń yí ká láàrin wọn, kí ilé kan ṣoṣo má baà sọ ìtẹ́ di ogún tirẹ̀. Ní Ọ̀yọ́, àwọn ìjòyè tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì ni ó ń yan Aláàfin, ọwọ́ wọn náà ni agbára sì wà láti kọ̀ ọ́ nígbà tí ìwà ìkà rẹ̀ bá ti kọjá ohun tí ìlú lè fara dà, ọba tí a bá sì kọ̀ báyìí kò gbọdọ̀ wà láàyè mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka èyí ní kíkún, kí ó wá ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson parí ní ọdún 1897, tí a kò sì tẹ̀ jáde títí di ọdún 1921, kí ó sì fi ìwé tí Parrinder kọ nípa Kétu ní ọdún 1956 kún un. Yóò rí i níbẹ̀ pé òfin tí ó de ọba kò sí nínú tákàdá, ṣùgbọ́n ó wà lórí àwọn àgbà, ó wà nínú ètò oyè, ó sì wà nínú èèwọ̀ tí Kábíyèsí fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ rú.

Nínú gbogbo ohun tí àwọn baba wa fi ṣe odi fún òmìnira, èyí tí ó wú mi lórí jù lọ ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí a mọ̀ ní Sakété, ní Pobẹ̀, àti ní gbogbo agbègbè Kétu, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó ti ṣẹ̀. Kí ijó ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀, òru Ẹ̀fẹ̀ ni ó ń ṣíwájú rẹ̀: tọkùnrin tobìnrin, tolóyè ti mẹ̀kúnnù, ni yóò péjọ sí ojúde ọjà, Ẹ̀fẹ̀ yóò sì jáde nínú aṣọ àti ère rẹ̀, yóò júbà àwọn òrìṣà, yóò júbà àwọn ìyá wa àti àwọn àgbà tí ó ti kọjá lọ, lẹ́yìn èyí ni yóò wá fi orin bọnu. Nínú orin náà ni olóyè tí ó gba ilẹ̀ onílẹ̀ yóò ti gbọ́ ìtàn ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni onídàájọ́ tí ó gba owó ẹ̀yìn, ọkọ tí ń lu aya, àti ọlọ́rọ̀ tí ń rẹ́ òtòṣì jẹ yóò ti jókòó láàrin àwùjọ, tí wọn yóò máa gbọ́ bí a ti ń tú àṣírí wọn sí gbangba, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ fọwọ́ kan akọrin náà nítorí ohun tí ó sọ ní òru ọjọ́ náà, nítorí pé abẹ́ ààbò àwọn ìyá ni ó wà, ẹnu ìlú ni ó sì fi ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìṣúra àfẹnusọ gbogbo ayé, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rí ni ère àti ijó. Ní tèmi, òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ ni mo rí níbẹ̀, tí àwọn ènìyàn yìí ti gbẹ́ sára igi, tí wọ́n sì gbé rù sórí, kí ẹnikẹ́ni ní ìhà ibí yìí tó gbọ́ orúkọ Montesquieu.

N kò sọ pé ayé àtijọ́ kò ní àbùkù. Ẹrú kò ní ohùn nínú àpérò ìlú, obìnrin a sì máa há ara rẹ̀ mọ́lé nígbà tí Orò bá ń ké. Òmìnira tí kò kárí ni, ẹni tí ń kọ́ ọgbọ́n nínú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bo èyí mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, ìlànà tí gbogbo rẹ̀ dúró lé ni pé ẹnikẹ́ni tí ó bá di agbára mú, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wà tí ó lè dá a lẹ́kun.

Ìlànà yìí ni àjèjì wá wó. Ogun Dàhómì ti kọ́kọ́ rẹ ilẹ̀ náà sílẹ̀, ó sì pa Kétu run ní ọdún 1886. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó ní Paris, tí wọ́n fa ìlà kan gba àárín àwọn ọmọ ìyá kọjá, tí Sakété, Pobẹ̀ àti Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ àti Ìpókíá sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, láìjẹ́ pé wọ́n pe ọba kan tàbí baálẹ̀ kan sí àpérò náà. Òfin tí àwọn Faransé wá fi ń ṣàkóso ni èyí tí wọ́n ń pè ní indigénat, tí àṣẹ rẹ̀ kọ́kọ́ jáde fún Senegal ní ọdún 1887 kí ó tó tàn dé ọ̀dọ̀ wa. Nípa agbára òfin yìí, kọmándà, òyìnbó tí ń ṣàkóso ẹkùn, lè rán ọmọ ìlú lọ sẹ́wọ̀n títí di ọjọ́ 15, kí ó sì tún bu ìtanràn 100 fáráǹkì lé e, láìsí ilé ẹjọ́, láìsí agbẹjọ́rò, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbọ́ tẹnu olùjẹ́jọ́ náà. Òun ni ó fi ẹ̀sùn kàn án, òun ni ó dájọ́, òun náà ni ó fìyà jẹ ẹ́. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí ó sì bà mí nínú jẹ́ jù nínú ìtàn yìí ni pé orílẹ̀-èdè Montesquieu ni ó ṣe é, ìyẹn ọkùnrin tí ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1748 pé níbi tí agbára ìdájọ́, agbára òfin ṣíṣe àti agbára ìṣàkóso bá ti wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo, òmìnira ti parí níbẹ̀.

Àwọn ará ilẹ̀ náà kò sì gbà á lẹ́rọ̀. Ní Sakété, ní ọdún 1905, ìbínú ìlú le débi pé wọ́n pa Cait, òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, tí Faransé ń fi ipá kó àwọn ọmọkùnrin lọ sójú ogun, àwọn Ọ̀họ̀rí tí ó wà ní ẹkùn Pobẹ̀ gbé ìjà dìde. Ilẹ̀ dúdú alámọ̀ wọn, tí ń di ẹrẹ̀ tí kò ṣe é rìn nígbà òjò, ni ó ṣe odi fún wọn. Àwọn tí kò gbé ohun ìjà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi sọ̀rọ̀: odindi agbo ilé a di ẹrù wọn ní òru, wọn a kọjá ìlà òyìnbó sí ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí wọn ní ìhà Nàìjíríà, wọn a sì fi kọmándà sílẹ̀ pẹ̀lú ìwé owó orí tí kò rí ẹni san án. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kó ìtàn yìí jọ sínú ìwé tí ó kọ lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó láàrin 1889 sí 1945, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1976. Bí ó bá jẹ́ ìwé kan ṣoṣo ni ọmọ Pobẹ̀ tàbí Sakété lè rà lórí ọ̀rọ̀ òmìnira, òun ni n ó ní kí ó rà.

Ní Àjàṣẹ́ tí kò jìnnà sí Sakété, akọ̀ròyìn Louis Hunkanrin fi kálàmù jà ní tirẹ̀. Ó bá Ẹgbẹ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ṣe, ó fi ọ̀rọ̀ Faransé bi Faransé léèrè, wọ́n sì lé e lọ sí aṣálẹ̀ Mauritania lẹ́yìn rògbòdìyàn owó orí ọdún 1923. Ọdún 1946 ni òfin fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe, tí ó sì sọ àwọn ènìyàn wa di ọmọ onílùú, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960 sì ni orílẹ̀-èdè Dàhómì, tí à ń pè ní Benin lónìí, gba òmìnira.

Òmìnira orílẹ̀-èdè dé, ti ará ìlú kò tí ì dé. Láàrin ọdún 1963 sí 1972, ìgbà márùn-ún ni àwọn ológun fi agbára gba ìjọba, bí ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá ni ìwé òfin tuntun ń tẹ̀lé ara wọn, títí di èyí tí ìjọba ológun Mathieu Kérékou gbé jáde ní ọdún 1977, tí ó fi gbogbo agbára sí abẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo. Nígbà tí àpò ìjọba gbẹ, tí owó oṣù kò wọlé mọ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sì ya sí ìgboro ní ọdún 1989, ni àpérò ńlá orílẹ̀-èdè wá wáyé ní Kútọnu, láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1990. Àwọn aṣojú tí ó lé ní 400 ni ó péjọ, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ni ó darí wọn, rédíò sì ń gbé ohùn wọn dé ìletò. Àwọn àgbẹ̀, oníṣòwò, àlùfáà, ológun àti àwọn tí ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí sọ̀rọ̀ lójú ẹni tí ó wà lórí oyè, wọ́n ka ẹ̀ṣẹ̀ ìjọba rẹ̀ sí i létí, wọ́n sì padà sílé lálàáfíà. Ẹni tí ó bá mọ òru Ẹ̀fẹ̀ kò ní ṣàìmọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún náà ni ará ìlú dìbò gba ìwé òfin tuntun, ní ọjọ́ 11 ni ó sì di òfin. Nígbà tí Kérékou fìdí rẹmi nínú ìbò ọdún 1991, ó gbé ìjọba fún Nicéphore Soglo láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

A ti tún ìwé òfin yìí ṣe láti ọdún 2019 wá, ṣùgbọ́n àwọn abala kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ kí gbogbo ilé ní Pobẹ̀ àti Sakété mọ̀. Abala 18 sọ pé a kò gbọdọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóró, a kò sì gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni mọ́lé ju wákàtí 48 lọ láìjẹ́ pé a mú un dé iwájú adájọ́, àfi nínú ọ̀ràn àkànṣe tí òfin là kalẹ̀. Ẹ fi èyí wé ọjọ́ 15 ti kọmándà. Abala 3 fún ọmọ ìlú lásán ní ẹ̀tọ́ láti gbé òfin tí ó bá tako ìwé òfin lọ sí iwájú Ilé Ẹjọ́ tí ń ṣọ́ ìwé òfin náà, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1993. Abala 66 sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá fi ipá gba ìjọba, kíkọ̀ láti gbọ́ràn sí i lẹ́nu jẹ́ ẹ̀tọ́ àti ojúṣe gbogbo ọmọ Benin, ìyẹn ohun tí àwọn Ọ̀họ̀rí ṣe nígbà tí ẹ̀ṣẹ̀ ni ó jẹ́. Abala 40 ni ó sì kan wá jù, nítorí ó pàṣẹ fún ìjọba pé kí ó máa kọ́ àwọn ará ìlú ní ẹ̀tọ́ wọn ní àwọn èdè abínibí, lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, kí ó sì fi wọ́n sínú ẹ̀kọ́ ilé ìwé àti ti àwọn ológun.

Iṣẹ́ abala 40 yìí kò tí ì tó, èmi kò sì rò pé ó yẹ kí a jókòó dè é. Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti ọdún 1948 wà ní èdè Yorùbá fún ẹni tí ó bá wá a. Ẹ̀yin ọmọ Pobẹ̀ àti Sakété tí ẹ gbọ́ èdè Faransé, ẹ wá ẹ̀dà ìwé òfin orílẹ̀-èdè yín. Ẹ jókòó ti àwọn ìyá àti bàbá yín lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kí ẹ sì túmọ̀ abala 18 fún wọn ní èdè wọn kí ẹ tó ka èyíkéyìí mìíràn.